Ẹlẹ́ṣin àti Olókùn-Ẹṣin nínú Ìtàn Yorùbá: Láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Ojúde Ọba Ìjẹ̀bú-Òde

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ipò ẹṣin nínú ìtàn Yorùbá, láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fi ẹṣin jagun títí dé àkókò tí àwọn ìdílé balógun ń gùn ún lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìbéèrè kan ló jẹ iṣẹ́ náà lógún: ta ló ń gbé ẹṣin ró ní ilẹ̀ tí kò bá ẹṣin lára mu? Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ẹṣin gígùn kò fi ìgbà kankan jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo láàrin Yorùbá. Ààfin ló gbé e ró ní Ọ̀yọ́. Agboolé ológun ló gbé e ró lẹ́yìn náà. Ìdílé tí ó ń ṣe bí ẹgbẹ́ ló sì ń gbé e ró ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ náà tún fi hàn pé ìtàn sábà máa ń rántí ẹni tó jókòó lórí gàárì, ó sì máa ń gbàgbé ẹni tó di okùn mú, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹni tó di okùn mú ni ìmọ̀ ìtọ́jú ẹṣin wà. Níparí, àbá wáyé lórí ohun tí àwọn olùkọ́ lè ṣe kí ìmọ̀ náà má baà parun.

1. Ìfáárà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí àgbà bá fẹ́ kọ́ ọmọdé ní àǹfààní àwòkọ́ṣe rere, yóò ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ó bá fẹ́ ki ẹni tó kùnà láyà, yóò ní bí ẹṣin bá dá ni, a máa ń tún un gùn ni. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ẹlẹ́gùn ni ẹni tí òrìṣà ń gùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún ẹni tó wà lórí ẹṣin náà ni wọ́n ń lò fún òrìṣà tó bá wà lórí ènìyàn. Nínú iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú, àwọn agbẹ́gilére Èkìtì àti Ìgbómìnà a máa gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin sórí agó Ẹ̀pà, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó yá jù láti fi hàn pé alágbára ni ẹni tí wọ́n gbẹ́.

Bí àlejò bá gbọ́ gbogbo èyí, yóò rò pé ẹṣin pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá bí ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tó wà nínú igbó, ọmọ lè dàgbà kí ó sì darúgbó láìfojú kan ju ẹṣin díẹ̀ lọ. Ẹranko tó wọ́n tó báyìí ló gba ipò ńlá tó báyìí nínú ẹnu àti ọkàn àwọn ènìyàn. Kì í ṣe pé ó gba ipò náà bí ó tilẹ̀ wọ́n. Wíwọ́n rẹ̀ gan-an ló gbé e dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ẹlẹ́ṣin ní ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó mú kí ẹṣin wọ́n, kí ó tó wá bèèrè bí àwọn ènìyàn ṣe rí ọgbọ́n dá sí i.

2. Ẹṣin àti Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀tá ẹṣin tó burú jù ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe ẹkùn tàbí ìkookò. Eṣinṣin kan ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Ibi òjìji igi àti etí odò ni eṣinṣin yìí fẹ́ràn jù. Bí ó bá ti fi ẹnu kan ẹṣin láti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè kó kòkòrò àrùn àìfojúrí sí i lára. Àrùn náà ni trypanosomiasis. Ẹṣin tó bá mú a máa rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa dín, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀ a máa wú, bí kò bá sì rí ìtọ́jú, ikú ni í gbẹ̀yìn rẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Oògùn nìkan ni wọ́n fi ń wò ó. Èyí ló fà á tí ẹṣin fi ń pẹ́ díẹ̀ láyé ní ọ̀dàn, tí kì í sì í pẹ́ nínú igbó.

Oúnjẹ ni ìṣòro kejì. Lójúmọ́, ẹṣin nílò koríko àti ọkà gbígbẹ tó ìwọ̀n bí 2 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀, ó sì nílò omi tó lé ní 20 lítà. Bí oòrùn bá mú tàbí tí iṣẹ́ bá le, ó lè mu ìlọ́po méjì èyí. Ẹṣin kì í bì. Bí oúnjẹ tó ti bàjẹ́ bá wọ inú rẹ̀, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà tú u síta láti ẹnu. Inú rírun lásán lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin gbọ́dọ̀ mọ koríko tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti bu, kí ó máa fọ́n ọkà bàbà níwọ̀n, kí ó máa fi iyọ̀ sí i, kí ó sì máa wo ìgbẹ́ ẹran náà lójoojúmọ́ bí ìyá ṣe ń wo ti ọmọ ọwọ́. Pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin náà ń fẹ́ ìtọ́jú: ó gbọ́dọ̀ máa gbẹ, ó gbọ́dọ̀ mọ́, ó sì ń fẹ́ gígé lóòrèkóòrè.

Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ju ohun tí ẹnì kan lè máa ṣe pẹ̀lú oko tàbí òwò rẹ̀ lọ. Ẹni kan gbọ́dọ̀ lọ gé koríko, ẹni kan gbọ́dọ̀ pọn omi, ẹni kan gbọ́dọ̀ gbá ibùso, ẹni kan sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ní òru bí ẹran náà bá ń fi ẹsẹ̀ halẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹṣin ti di ohun tí ọwọ́ púpọ̀ ń gbé.

3. Ẹṣin Ogun ní Ọ̀yọ́ Ilé

Ìlú Yorùbá tó kọ́kọ́ kó irú ọwọ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ lọ́nà tó fara hàn gbangba ni Ọ̀yọ́ Ilé. Ọ̀dàn ni ìlú náà wà, lápá gúúsù Odò Ọya, níbi tí eṣinṣin kò ti pọ̀ tó ti inú igbó. Ahoro rẹ̀ ṣì wà nínú igbó ọba tí ìjọba dá sí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí Samuel Johnson kó jọ nínú The History of the Yorubas, ìwé tó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí kò jáde títí di 1921, àwọn Tápà ló lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí ọba náà fi sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Àwọn òpìtàn fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Lẹ́yìn náà ni àwọn Aláàfin tẹ̀dó sí Ìgbòho fún ìran mélòó kan kí Abípa tó dá ìjọba padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ní Ìgbòho ni ìtàn ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ ológun orí ẹṣin tó ní ètò. Aláàfin Òrómpòtò, ẹni tí àwọn ìtàn kan sọ pé obìnrin ni, ni wọ́n so ètò náà mọ́. Wọ́n ní ó a máa fi ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin sí ẹ̀yìn ogun rẹ̀, wọn a sì so ewé gbajú gbòòrò mọ́ ìrù ẹṣin kí ó lè máa gbá ipasẹ̀ ogun rẹ́. Bí iye náà tilẹ̀ lè jẹ́ àsọdùn, ohun tí ìtàn náà ń sọ yé ni: ìlú tí ẹlẹ́ṣin ti lé jáde ti kọ́ ọgbọ́n ẹṣin lọ́wọ́ àwọn tó lé e.

Robin Law, òpìtàn tó kọ ìwé lórí Ọ̀yọ́ ní 1977 àti lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1980, ṣàlàyé ohun tí ọgbọ́n yìí ná Ọ̀yọ́. Ẹṣin tí wọ́n ń bí nílé kò tó. Láti òkè ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, nípasẹ̀ àwọn oníṣòwò Tápà, Ìbàrìbá àti Hausa. Lára ohun tí Ọ̀yọ́ fi ń san owó ẹṣin ni ẹrú àti àwọn ọjà òyìnbó tí wọ́n fi ẹrú rà ní etí òkun. Báyìí ni ẹṣin àti òwò ẹrú ṣe so kọ́ra: ẹṣin ni wọ́n gùn lọ kó ẹrú, ẹrú ni wọ́n sì fi ra ẹṣin mìíràn nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ bá kú. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ògo Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ fo apá yìí dá, nítorí pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló di ẹrú kí ibùso ẹṣin má baà ṣófo.

Agbára tí wọ́n rí níbẹ̀ kò kéré. Ní 1698, ogun ẹlẹ́ṣin kan láti òkè sọ̀ kalẹ̀ wọ Àlàdá, ó sì dẹ́rù ba gbogbo etí òkun. Bosman, oníṣòwò ará Họ́láńdì, kọ nípa ogun náà; àwọn òpìtàn gbà pé ogun Ọ̀yọ́ ni. Ní 1726, Ọ̀yọ́ kọlu Dàhòmì, ìjọba tó ní ìbọn púpọ̀, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù mìíràn, Dàhòmì tẹ́rí ba ní 1730.

Síbẹ̀, nínú ìtàn ogun Dàhòmì kan náà ni àìlera ẹṣin ti hàn. Àwọn ará Dàhòmì kọ́ ọgbọ́n pé bí ogun Ọ̀yọ́ bá ń bọ̀, kí àwọn sá wọ igbó, kí àwọn sì dúró de òjò. Wọ́n mọ̀ pé bí koríko tí ẹṣin ń jẹ bá tán ní àgbègbè náà, tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, Ọ̀yọ́ kò ní lè dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì máa ń rí. Ogun tí ìbọn kò lè lé lọ, àìsí koríko lé e lọ. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà sọ: ẹni tó ń gé koríko fún ẹṣin lágbára lórí ogun ju balógun lọ.

4. Olókùn-Ẹṣin: Ọlá Ẹni Tó Di Okùn Mú

Ààfin Ọ̀yọ́ mọ òtítọ́ yìí. Nínú àwọn oyè tó súnmọ́ Aláàfin jù ni Olókùn-ẹṣin wà, ẹni tí ìtọ́jú ẹṣin ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wo orúkọ náà. Kò sọ pé ẹni yìí ni ó ń gun ẹṣin. Ó sọ pé ẹni yìí ló ni okùn tí wọ́n fi so ẹṣin. Láti ara iṣẹ́ ìtọ́jú ni orúkọ oyè ńlá yìí ti yọ.

Ọlá náà ní ẹrù tirẹ̀. Johnson ka Olókùn-ẹṣin mọ́ àwọn tí àṣà ní kí wọ́n bá Aláàfin kú. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní 1944, ọ̀rọ̀ àṣà yìí dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin ìlú àti ìjọba òyìnbó tó dá sí i. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni Dúró Ládiípọ̀ gbé ka eré Ọba Wàjà ní 1964, òun náà ni Wọlé Ṣóyínká gbé ka eré Death and the King's Horseman ní 1975. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka eré Ṣóyínká mọ ikú tí ẹlẹ́ṣin ọba jẹ ní gbèsè dáadáa. Ìwọ̀nba ni ó mọ iṣẹ́ tó gbé irú oyè bẹ́ẹ̀ níyì kí ikú tó dé. Ìbáṣepọ̀ ọba àti ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀ jẹ́ ti ìgbẹ́kẹ̀lé pátápátá, nítorí pé ẹni tó di okùn ẹṣin mú lójú ogun ló di ẹ̀mí ọba mú.

Kì í ṣe gbogbo olùtọ́jú ẹṣin ló rí irú ọlá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ààfin, nínú agboolé àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì àti àwọn Ẹ̀ṣọ́, ẹrú ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, pàápàá àwọn ẹrú tó ti òkè ọya wá, tí wọ́n ti mọ ẹṣin láti kékeré. Bí ìmọ̀ náà ṣe bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí kò ní òmìnira nìyẹn, ó sì wá ṣe Ọ̀yọ́ ní ibi.

5. Bí Ẹṣin Ogun Ṣe Pàdánù Agbára

Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ní Ìlọrin kọ̀yìn sí Aláàfin. Ó ké sí àwọn ẹrú Mùsùlùmí pé kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun láti gba òmìnira. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Hausa. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ okùn, iṣẹ́ gbàjámọ̀, iṣẹ́ dídaran àti títọ́jú ẹṣin nínú agboolé àwọn olówó Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ, ìmọ̀ wọn bá wọn lọ. Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ kú lọ́wọ́ àwọn tó pè, Ìlọrin sì bọ́ sábẹ́ àwọn ọmọ Álímì. Láti ìgbà náà, ojú ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wá láti òkè bọ́ sí ọwọ́ Ìlọrin. Ọ̀yọ́ pàdánù ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin, ó pàdánù ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wá, kò sì pẹ́ tó fi pàdánù ìlú fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro.

Ìlọrin wá di ìlú ẹlẹ́ṣin tó ń ba gbogbo ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n igbó dá a dúró. Ní nǹkan bí 1840, àwọn ará Ìbàdàn tí Balógun Odérìnlọ kó sòdí kọlu ibùdó ogun Ìlọrin ní Òṣogbo ní òru. Ní òkùnkùn, ẹṣin tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí kò ráyè di gàárì. Ìṣẹ́gun ọjọ́ náà ló fi òpin sí ìrìn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin síhà gúúsù. Láti ìgbà náà, ìbọn àti ẹsẹ̀ ló ń pinnu ogun ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹṣin kò parẹ́ síbẹ̀. Àwọn balógun àti olówó Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú ṣì ń rà á. Wọn kì í fi í ja ogun mọ́. Wọ́n fi í fi ara wọn hàn. Ẹni tó bá lè bọ́ ẹṣin nínú igbó ti fi hàn pé òun ní ènìyàn lẹ́yìn, pé òun ní ọwọ́ tí yóò gé koríko àti ọwọ́ tí yóò pọn omi. Ẹṣin tó dúró ní ojúde agboolé jẹ́ ẹ̀rí ìṣọ̀kan agboolé náà.

6. Ìdílé Ẹlẹ́ṣin àti Ojúde Ọba

Ìjẹ̀bú-Òde ni èrò yìí ti gbilẹ̀ jù lọ. Ní oṣù karùn-ún 1892, ọmọ ogun òyìnbó láti Èkó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Abọ́kì Túnwàṣe. Ogun náà fi òpin sí òmìnira Ìjẹ̀bú, ó sì sọ àwọn balógun di olóyè tí kò ní ogun láti jà. Ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn ńlá àsìkò náà ni Balógun Kúkù, jagunjagun àti oníṣòwò olówó, tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ pé Kúkù ti jẹ́ ẹni pàtàkì níbi ọdún Òdèdá, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jó níwájú ọba. Nígbà tó di Mùsùlùmí, kò fẹ́ kópa nínú ọdún náà mọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àpọ́nlé ọba àti ẹ̀yẹ balógun kúrò nílẹ̀. Ó bá bẹ̀rẹ̀ ìpàdé Ìta Ọba, tí àwọn Mùsùlùmí fi ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ fún àyè tó gbà wọ́n láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Òun ni ó di Ojúde Ọba, tó ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Ẹṣin balógun bá yí padà kúrò ní ẹṣin ogun, ó di ẹṣin ìdúpẹ́.

Ní ọjọ́ náà, àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, a máa wọ aṣọ kan náà kọjá níwájú ọba. Àwọn ìdílé balógun a sì gun ẹṣin wọlé. Ìdílé Kúkù, ìdílé Odùnúgà àti ìdílé Aláúsá wà lára àwọn tó gbajúmọ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní onílù tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀ láti mú ẹṣin jó. Ẹni tó bá ń ṣe olórí ìdílé ni í ṣáájú. Àwọn ọ̀dọ́ a tẹ̀ lé e, títí kan àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n gbé sórí gàárì. Àwọn obìnrin náà ń gùn ún. Wọn a súnmọ́ iwájú, wọn a kí ọba, ìbọn a sì dún. Wọ́n a máa fún ìdílé tó bá ta yọ ní ẹ̀bùn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti inú Ìsìláàmù ni ayẹyẹ náà ti wá, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti di ara rẹ̀. Nígbà ayé Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù keje 2025, ayẹyẹ náà di èyí tí gbogbo ayé ń wò. Ní 2024, àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin tàn káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹṣin kò lè dé.

Ẹni tó bá wo ètò yìí dáadáa yóò rí i pé ìdílé ẹlẹ́ṣin ń ṣiṣẹ́ bí ẹgbẹ́. Ìpàdé wà kí ọdún tó dé. Owó dídá wà fún aṣọ, fún onílù, fún ẹṣin àti oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó a máa fi owó ránṣẹ́ tàbí kí ó wá fúnra rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé ẹṣin ń kó ìdílé tí òwò àti ìwé ti fọ́n káàkiri jọ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tí àrùn kòrónà dá ayẹyẹ náà dúró ní 2020 àti 2021, kì í ṣe ìran wíwò nìkan ni wọ́n pàdánù. Ìpàdé ìdílé náà ni.

7. Ohun Tó Ń Kọ Ìdílé Ẹlẹ́ṣin Lóminú

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ti Ọ̀yọ́ Ilé ló tún ara rẹ̀ mú wá ní ọ̀nà mìíràn. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ níní àti yíyá. Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́ṣin ló ní ẹṣin tirẹ̀. Àwọn kan ń háyà rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó gun ẹṣin tí kò bọ́ kò ní mọ ìwà rẹ̀. Kò ní mọ̀ bóyá ẹran náà ń bẹ̀rù ariwo, bóyá ó ti jẹun, tàbí bóyá ìjánu ń pa á ní ẹnu. Níbi tí ìlù, ìbọn àti ọ̀pọ̀ èrò ti pàdé, àìmọ̀kan bẹ́ẹ̀ lè fa ewu fún ẹlẹ́ṣin, fún òǹwòran àti fún ẹṣin pẹ̀lú.

Èkejì ni ìlera ẹṣin. Ẹṣin tí wọ́n kó láti òkè ọya wá sí ilẹ̀ igbó ti rin ìrìn àjò nínú ọkọ̀, ó ti kúrò níbi tí ara rẹ̀ mọ́, ó sì ti wọ ibi tí eṣinṣin pọ̀ sí. Ó nílò ìsinmi kí wọ́n tó gùn ún, ó nílò òjìji àti omi lọ́jọ́ ayẹyẹ tí gbogbo ènìyàn ń gbàgbé rẹ̀, ó sì nílò dókítà ẹran nítòsí. Orílẹ̀-èdè yìí ní àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran: ibùdó ìwádìí tó wà ní Vom ti wà láti 1924, Fásitì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó kù ni kí ìdílé ẹlẹ́ṣin ka owó dókítà mọ́ owó tí wọ́n ń dá, bí wọ́n ṣe ń ka owó aṣọ mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Lónìí gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ òkè ọya ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ìtọ́jú ẹṣin wà. Àwọn ni wọ́n ń di okùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n ń rìn lórí ẹsẹ̀ nínú eruku, tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè orúkọ wọn. Àwòrán tó tàn káàkiri fi ẹlẹ́ṣin hàn pẹ̀lú sányán àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó di okùn mú, bí ó bá tilẹ̀ hàn, ẹ̀gbẹ́ àwòrán ló wà. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ òkè ọya máa tọ́jú ẹṣin ní Ìjẹ̀bú. Ìbáṣepọ̀ àtayébáyé ni. Ohun tó burú ni kí ìdílé gbára lé ìmọ̀ tí kò bọ̀wọ̀ fún, tí kò kọ́, tí kò sì kọ sílẹ̀. Ohun tó bá Ọ̀yọ́ ní 1817 nìyẹn. Àwọn tó mọ ẹṣin lọ, àwọn tó ń gùn ún kù sílẹ̀ pẹ̀lú gàárì.

8. Àbá fún Àwọn Olùkọ́

Ojúṣe olùkọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ èdè Yorùbá lè fi ẹṣin kọ́ ẹ̀kọ́ tó so ọ̀pọ̀ iṣẹ́ pọ̀: ìtàn Ọ̀yọ́, òwò ẹrú, ìmọ̀ nípa eṣinṣin àti àrùn, òwe àti iṣẹ́ ọnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìdí tí ẹṣin kò fi lè pẹ́ nínú igbó ti mọ ìdí tí àwòrán ilẹ̀ Ọ̀yọ́ fi rí bí ó ṣe rí.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ohùn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ìdílé ẹlẹ́ṣin, kí wọ́n sì gba ti àwọn olùtọ́jú ẹṣin pẹ̀lú. Kí wọ́n bèèrè orúkọ tí wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan gàárì àti ìjánu, irú koríko tí wọ́n ń gé, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ara ẹṣin kò yá, àti ẹni tó kọ́ wọn ní iṣẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí ń bọ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ lẹ́nu tí kò sí nínú ìwé ti sọnù nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ìdílé ẹlẹ́ṣin fi ọmọ tiwọn sí ibùso. Kí ọmọ tí yóò gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ olùtọ́jú, kí ó gé koríko, kí ó pọn omi, kí ó fọ pátákò. Bí ó bá ti ṣe èyí, kì yóò tún fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó di okùn mú, ẹṣin náà yóò sì ti mọ̀ ọ́n kí ìlù tó dún.

9. Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti tọpasẹ̀ ẹṣin láti Ìgbòho àti Ọ̀yọ́ Ilé dé Òṣogbo àti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti fi hàn pé eṣinṣin, koríko àti òjò ló pa ààlà ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, pé ìṣílọ àwọn olùtọ́jú wà lára ohun tó wó agbára rẹ̀, àti pé lẹ́yìn tí ogun parí, àwọn ìdílé balógun Ìjẹ̀bú sọ ẹṣin di ohun ìdúpẹ́ àti ìṣọ̀kan. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹṣin kì í dúró níbi tí kò bá sí àwùjọ tí yóò rù ú. Àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ti mọ èyí nígbà tí wọ́n fi oyè ńlá dá ẹni tó ni okùn lọ́lá. Bí àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin òde òní bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ wọn gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba, ibi okùn náà ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.